Gbọ́dọ̀ Kẹtàdínlógóje

Bébà náà ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ fáàsì díẹ̀díẹ̀, ó ń ká bí ewé tí oòrùn pa, Ìgè sì na ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀ kí ó má baà bọ́ sórí ilẹ̀ tí òjò àná ti rin. Déètì ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà orúkọ ọ́fíìsì mẹ́rin, lẹ́yìn náà ìlà méjì péré lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ náà gé bébà, ó ké píì, ó dákẹ́. Ìgè kà á lórí ìdúró.

Kẹtàdínlógóje: a pa á rẹ́. Ìdí: ọkọ̀ ẹrù ni, ènìyàn kì í jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Lábẹ́ rẹ̀ ni àpótí mẹ́rin wà fún ìbuwọ́lù. Mẹ́ta ti kún. Èyí tí wọ́n kọ Tamale sí lára nìkan ló ṣófo, ẹnì kan sì ti fi bírò dúdú ńlá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé òní ni, kí ọ́fíìsì tó ṣíwọ́.

Ó gbé bébà náà lé tábìlì, ó fi ife tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó má baà tún ká, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù. Òjò ti fọ oko ẹ̀pà àti oko ọkà bàbà tó yí ọ́fíìsì náà ká ní Gumani, létí ìlú Tamale, mọ́ tónítóní. Àwọn ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí dúró káàkiri láàárín oko, láìní òrùlé, bí ẹni tó ń retí ẹnì kan. Alùpùpù kan kọjá lókèèrè. Kò sí ẹni tí ó lè kọjú sí kí ó sọ pé, ẹ wá wo ohun tí wọ́n kọ sí mi.

Oṣù kẹjọ ọdún 1993 ni. Àwọn ará Jámánì kan ló ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan fún àwọn ilẹ̀ tí oòrùn àti ekuru pọ̀ sí. Àwọn fúnra wọn ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Àwọn ará Japan kan ló ń ṣe bíréèkì. Ara ọkọ̀ àti àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀, Bùràsíìlì ni wọ́n ti ń yà á. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò gbọ́ èdè ara wọn. Bí àwọn kan bá ń jí, àwọn mìíràn ń lọ sùn ni. Ìwé kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀. Ohunkóhun tí ọkọ̀ náà bá gbọ́dọ̀ lè ṣe, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ lè mí nínú ekuru fún wákàtí mẹ́rin. Bíréèkì gbọ́dọ̀ mú bí ẹrù bá tilẹ̀ fi ìdajì ju ohun tí a kọ lọ. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, ẹnikẹ́ni kò ní ṣe é. Ohun tí ó bá sì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àfi bí ọ́fíìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fọwọ́ sí i. Ìwé Gbọ́dọ̀ ni Ìgè ń pè é nínú ọkàn ara rẹ̀. Tamale ni ọ́fíìsì kẹrin, níbi tí wọ́n ti ń dán ọkọ̀ náà wò lójú títì. Yàrá méjì ni, àti ìbòji páànù kan fún ọkọ̀ ìdánwò. Ìgè ló ń tọ́jú ìwé, Issahaku ló ń wa ọkọ̀. Kò sí ẹlòmíràn.

Ọdún mẹ́ta ló ti ń bá àwọn tí kò rí rí kọ̀wé. Nínú ìlú, bí wọ́n bá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, á ní òun ń bá àwọn Jámánì ṣiṣẹ́, wọ́n á sì rò pé dẹ́rẹ́bà òyìnbó ni. Bí ó bá délé ní Nyohini ní ìrọ̀lẹ́, á tan rédíò kí ohùn kan lè wà nínú yàrá, á jẹ túwó rẹ̀ lórí ìdúró, nítorí pé tábìlì tí ó ní, àga méjì ló wà nídìí rẹ̀. Àbdùsàlámì ni orúkọ rẹ̀ lórí ìwé. Ínjíníà ni wọ́n ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó ń pè é ní Ìgè kò ju ẹyọ kan lọ mọ́ ní gbogbo Tamale, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni náà láti Iléyá èṣí.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìlà kẹtàdínlógóje. *Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú, láìlo irinṣẹ́, kódà bí ọkọ̀ bá dojú dé.* Nínú àpótí tí wọ́n ti ń béèrè ìdí, ọ̀rọ̀ kan ló kọ: ààbò.

Issahaku dé pẹ̀lú kóòsé, àkàrà àwọn Hausa, ní gbígbóná nínú bébà. Ọmọ ìbílẹ̀ Dàgọ̀ńbà ni, ọkùnrin gíga tí ohùn rẹ̀ kéré. Èdè Hausa ni òun àti Ìgè jọ ń sọ. Ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ó gbé kóòsé sílẹ̀.

“Ínjíníà, ṣé kò sí?”

“Wọ́n ní ènìyàn kì í jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹrù.”

Issahaku rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ilẹ̀kùn mú. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Jámánì, Japan, Bùràsíìlì.”

“Wallahi? Gbogbo wọn?” Ó rí i pé Ìgè kò bá òun rẹ́rìn-ín, ó sì nu ẹnu. “Kí la fẹ́ ṣe?”

“A máa lọ kà wọ́n.”

Wọ́n wa ọkọ̀ ìdánwò náà lọ sí ojú ọ̀nà Yendi, wọ́n gbé e sábẹ́ igi dóńgóyárò kan, Ìgè sì mú ìwé àti pẹ́ńsùlù jókòó sórí òkúta. Ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n fi páànù bò lẹ́yìn nìkan ló ń kà. Bí ọ̀kan bá kọjá, á fa ìlà kan. Bí ènìyàn bá wà lẹ́yìn, á fi ìlà mìíràn dábùú rẹ̀. Ọkọ̀ kan kọjá tí obìnrin kan fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti inú kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Òmíràn kọjá, orí ewúrẹ́ yọ síta láàárín ọmọbìnrin méjì tó wé ìborùn funfun. Wọ́n ti ilẹ̀kùn àwọn mìíràn pa láti ìta, kò sì sẹ́ni tí ì bá mọ̀ pé ènìyàn wà nínú wọn, àfi bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀kan nínú irú wọn dẹwọ́ eré nítòsí wọn. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu páànù, pà, pà, pà, kí dẹ́rẹ́bà lè gbọ́. Ó gbọ́, ó dúró, ó sọ̀kalẹ̀ láìkánjú, ó lọ yọ irin ẹ̀yìn, obìnrin mẹ́ta sì bọ́ sílẹ̀ nínú òógùn, wọ́n ń na aṣọ wọn. Nǹkan kékeré ni. Ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Issahaku rí i pé pẹ́ńsùlù ti jábọ́ lọ́wọ́ Ìgè, kò sì tẹ̀ba láti mú un.

“Ínjíníà?”

“Fa ìlà yẹn fún mi.”

Ó fà á.

Nígbà tí agogo mọ́kànlá ń sún mọ́, ọkọ̀ mẹ́rìndínláàádọ́ta ló ti kọjá. Ènìyàn wà lẹ́yìn mọ́kàndínlógójì nínú wọn.

Ó gba ìgbà mẹ́fà kí tẹlifóònù tó wọlé sí Jámánì. Lentz ló gbé e, ọkùnrin tí ó ń kó ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sí ojú kan. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà tí ibà ń ṣe Ìgè lọ́dún tó kọjá, ó fi oògùn ránṣẹ́. Ìgè ka iye náà fún un.

“Mo gbà ọ́ gbọ́,” Lentz ní. “Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn.”

“Báwo?”

“Bí a bá fi ọwọ́ ilẹ̀kùn sí inú, a ti jẹ́wọ́ pé a mọ̀ pé ènìyàn máa wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, adájọ́ á béèrè pé àga wọn dà, fèrèsé wọn dà, bẹ́líìtì wọn dà. Bí kò bá sí nínú ìwé, a kò mọ̀.”

“Ṣùgbọ́n a mọ̀.”

“Èmi àti ìwọ la mọ̀. Ìwé kò mọ̀.”

Wáyà tẹlifóònù ń hó bí epo nínú agbada. Ohùn Lentz rọ̀ nígbà tó tún sọ̀rọ̀. “O kọ ààbò sí àpótí ìdí. Ìdajì ìwé yẹn ló jẹ́ ààbò, kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́. Kí ni ìdí rẹ̀ gan-an? Fún mi ní ohun tí mo lè gbé síwájú wọn. Bí kò bá sí, fọwọ́ sí i, jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ. Wọ́n ń dúró láti gé irin.”

Ìgè wo bébà tó wà lábẹ́ ife.

“Màá kọ̀wé sí ọ kí ilẹ̀ tó ṣú,” ó ní, ó sì gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Ohun tí kò lè sọ nìyí.

Ní ọdún 1988, kí àwọn Jámánì tó dé, fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe ni Ìgè. Ó ti kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ ní Kàdúná, ó padà sí Tamale tí wọ́n bí i sí, ó sì ní ìbòji tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ìyàwó rẹ̀, Mọ̀ríámọ̀, ń ta abọ́ tánganran àti iyọ̀ lọ́jà Yendi. Ọlọ́run kò tíì fi ọmọ sáàárín wọn. Ọkọ̀ dẹ́rẹ́bà kan tí ń jẹ́ Mumuni ni Mọ̀ríámọ̀ máa ń bá lọ, ọkọ̀ ẹrù tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kì í dúró. Ó máa ń ṣí lójú ọ̀nà, àpò iyọ̀ sì ti já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mọ̀ríámọ̀ bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí ó bá wọn wò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìgè jó irin tuntun mọ́ ọn níta, ọ̀pá ìdábùú tó nípọn bí àtàǹpàkò, tó ń wọ inú òrùka irin méjì. Ó ṣe iṣẹ́ náà tọkàntọkàn nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ló ń lò ó. Obìnrin mẹ́rin wọlé sí ẹ̀yìn, Mọ̀ríámọ̀ wà nínú wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn, òun ló ti ọ̀pá náà wọlé, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ fún Mumuni pé, “Kò sí ohun tó máa ṣí èyí.”

Òjò rọ̀. Ọkọ̀ náà yọ̀ kúrò lórí afárá kékeré kan, ó ṣubú sínú odò. Odò náà kò jìn; ní àyà ni ó mọ. Mumuni àti àwọn tó wà níwájú gba ojú fèrèsé jáde. Àwọn ará abúlé sáré dé, wọ́n fi òkúta àti orí ọkọ́ lu irin náà, ṣùgbọ́n ó ti tẹ̀ sínú òrùka rẹ̀. Kò yọ, kò sì já. Iṣẹ́ ọwọ́ Ìgè dára.

Àwọn ọlọ́pàá kọ ọ́ pé jàǹbá ni. Mumuni kó lọ sí Kumasi, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ta ló jó irin náà. Ìgè pẹ̀lú kò sọ. Nígbà tí ìyá Mọ̀ríámọ̀ ń bi í léèrè lọ́jọ́ ìsìnkú pé kí ló dé tí wọn kò rí ilẹ̀kùn ṣí, ó ní òun kò mọ̀. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń dín kù ní Sabonjida, àdúgbò tí ìyá náà ń gbé. Ó kọ́kọ́ ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó di oṣooṣù, ó di ọjọ́ ọdún nìkan.

Ní ọ́fíìsì, Ìgè jókòó síwájú bébà fáàsì náà. Àpótí ìdí kò tóbi ju àpótí ìṣáná lọ. Ó lè kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn tó máa kà á kò mọ̀ ọ́n, wọn kò sì ní pàdé rẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n kò rí bí àwọn àjèjì mẹ́ta ṣe máa gbọ́ ohun tí ìyá ọmọ kò tíì gbọ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀.

Ìyá Àrìnkẹ́, ìyá Mọ̀ríámọ̀, jókòó sórí ẹní nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Sabonjida, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ọ̀pọ̀ yàrá ilé náà ló wà ní títì láti ọdún 1969 tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì kó lọ. Àwọn tó ni wọ́n ti gba Ìlọrin lọ, wọn kò sì padà. Ìgè kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ káàsán, Ìyá.”

Ó gbé ojú sókè, ó wò ó pẹ́. “Ìgè. Ṣé o ṣì wà nílùú yìí?”

“Mo wà, Ìyá.”

“Toh.” Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. “Jókòó.”

Kò jókòó. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà tí ó fi sọ ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ilẹ̀kùn tí kì í dúró, ẹ̀bẹ̀ tí Mọ̀ríámọ̀ bẹ òun, irin tí òun jó, bí òun ṣe fi ọwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí òun sọ fún Mumuni. Kò fi nǹkan kan pamọ́, kò sì fi nǹkan kan ṣe ọ̀ṣọ́. Nígbà tó dé ibi tí àwọn ará abúlé ti ń lu irin, ó rí i pé ọwọ́ ìyá náà ti dúró nínú ẹ̀wà.

Àwọn kan ń fi Hausa ná ọjà ní ìta, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ lo fi irin náà síbẹ̀,” ó ní níkẹyìn.

“Èmi ni.”

“Ìwọ lo tì í.”

“Èmi ni, Ìyá.”

“Mo bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn.”

“Ẹ bi mí. Mo purọ́ fún yín.”

Ó fa etí ìborùn rẹ̀, ó fi nu ojú, ojú náà sì gbẹ. Ìgè rò pé á ní kí òun dìde, kí òun máa lọ. Ohun tó retí nìyẹn, ó tilẹ̀ ti múra sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó bi í ni pé, “Kí ló gbé ọ wá lónìí?”

Ó ṣàlàyé. Ó sọ nípa ọkọ̀ tí àwọn Jámánì ń ṣe, nípa ìwé tó so wọ́n pọ̀, nípa ìlà tí òun kọ àti bébà tó dé láàárọ̀ yìí. Kò rò pé ó yé e. Ìyá Àrìnkẹ́ gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́.

“Ọwọ́ ilẹ̀kùn tí o ní kí wọ́n fi sí inú yẹn,” ó ní, “níbo lo ní kí wọ́n fi sí?”

Ìgè dìde, ó nawọ́ sára ògiri ní ìwọ̀n àyà rẹ̀. “Níbí. Mítà kan àti díẹ̀ láti ilẹ̀.”

Ó wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọdé tó wọ bàtà òdì. “Ta ló ń dúró lẹ́yìn ọkọ̀?”

Ìgè wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára ògiri.

“Láti ìgbà tí bàbá Mọ̀ríámọ̀ ti mú mi wá sí ìlú yìí ni mo ti ń wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. A kì í dúró. Ilẹ̀ la ń jókòó sí, tàbí orí ẹrù. Òkùnkùn ni gbogbo ibẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ti fi ẹsẹ̀ lé ọ, o kò tilẹ̀ lè na ara.” Ó gbé àtẹ ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó fà sún mọ́ ògiri díẹ̀díẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jọ bí ẹni tí ẹrù há mọ́, ó sì di ojú. Ó gbé ọwọ́ sí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ń wá a. Ọwọ́ náà gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó dúró. “Ibí,” ó ní, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. “Ibí ni ọwọ́ ń dé. Kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ìgè yọ téèpù ìwọnlẹ̀ lápò. Ó kúnlẹ̀ tì í. Ó wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé abẹ́ ìka ìyá àgbà náà, ó sì tún un wọ̀n. Sẹ̀ǹtímítà méjìlélọ́gọ́ta.

“Kí wọ́n sì ṣe é kí ọwọ́ lè dá a mọ̀,” Ìyá Àrìnkẹ́ ní. “Nínú òkùnkùn, páànù ni gbogbo rẹ̀. Bí ó bá dán bí ara ọkọ̀, obìnrin á máa fi ọwọ́ pa á lórí, kò ní mọ̀ pé òun ni.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó la ojú nígbà náà. Wọ́n sún mọ́ ara wọn débi pé Ìgè rí bí funfun ojú rẹ̀ ti ṣe ń ràn mọ́ dúdú. “N kò tíì dárí jì ọ́,” ó ní.

“Mo mọ̀, Ìyá.”

“Má rò pé nítorí ìyẹn ni mo ṣe fi hàn ọ́.”

“N kò rò bẹ́ẹ̀.”

“Wá ní Jímọ̀. N kò ní ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Ṣáà wá jókòó.”

Nígbà tó dé Gumani, iná ti lọ, ẹ̀rọ fáàsì sì dùbúlẹ̀ bí òkú. Agogo mẹ́ta kọjá. Kò sí díísù nínú jẹnẹrétọ̀. Kí Ìgè tó sọ̀rọ̀, Issahaku ti fa rọ́bà bọ inú táǹkì ọkọ̀ ìdánwò, ó fi ẹnu fa díísù jáde, ó tu èyí tó wọ̀ ọ́ lẹ́nu dà sí koríko. Ó da ìyókù sínú jẹnẹrétọ̀ láìbéèrè nǹkan kan.

Ìgè jókòó kọ̀wé. Kò fọwọ́ sí àpótí tó ṣófo. Ó mú bébà mìíràn, ó kọ kẹtàdínlógóje sí orí rẹ̀, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ: ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà méjìlélọ́gọ́ta lọ láti ilẹ̀ ọkọ̀, ẹni tó bá di ojú gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ dá a mọ̀. Ó kọ iye ọkọ̀ tí òun àti Issahaku kà. Lẹ́yìn náà ló dé àpótí ìdí. Ó kọ̀wé títí àpótí náà fi kún, ó kọjá ìlà rẹ̀, ó bọ́ sí etí bébà, ó yí i padà, ó ń bá a lọ lẹ́yìn. Ó kọ ọ́ pé òun fúnra òun ti ti irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ rí, pé ìyàwó òun wà nínú rẹ̀, àti pé orúkọ rẹ̀ ni Mọ̀ríámọ̀.

Òfin ni pé ọ̀dọ̀ Lentz nìkan ni ìwé ń lọ, òun ni yóò pín in. Ìgè fi ránṣẹ́ sí Lentz. Lẹ́yìn náà ó wá nọ́ńbà Japan nínú ìwé àtijọ́ kan, ó fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Òru ti lọ jìnnà lọ́dọ̀ tiwọn, ó sì ń rò ó bí bébà náà ṣe máa jáde sínú yàrá tí kò sẹ́nìkan. Ó fi ránṣẹ́ sí Bùràsíìlì.

Ìdáhùn Lentz kò pẹ́: *Mo ti kà á. Kò yẹ kí o fi ránṣẹ́ sí wọn láìgba ọ̀dọ̀ mi. A ó sọ̀rọ̀ lọ́la.* Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Ìgè kà á lẹ́ẹ̀mẹta bóyá òun á rí inú ẹni tó kọ ọ́, kò rí i. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀la jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn òun lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó ro èyí bí ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Issahaku kírun Ásárì rẹ̀ lábẹ́ ìbòji, ó dé, ó ní ṣé kí òun pa jẹnẹrétọ̀. Ìgè ní kí ó ṣe sùúrù díẹ̀. Kò mọ ohun tó ń retí.

Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí agogo márùn-ún lù nígbà tí ẹ̀rọ náà ké. Láti Bùràsíìlì ni. Wọn kò fi ẹ̀rọ tẹ ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, lédè Gẹ̀ẹ́sì tí kò gún tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ìkíni, kò sí ìbánikẹ́dùn. Ẹni náà ya ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ya ilẹ̀kùn rẹ̀ méjì tó pàdé láàárín, ó fi ọfà tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé:

*Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ààyè gbà, n kò mọ ilẹ̀kùn tí mo lè fi sí. Ẹ jọ̀ọ́, apá wo ni Mọ̀ríámọ̀ jókòó sí?*

Ìgè dúró síbẹ̀, bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọdún márùn-ún, wọ́n ti bi í léèrè ohun púpọ̀. Wọ́n bi í bóyá ó ń jẹun. Wọ́n bi í ìgbà tó máa fẹ́ ìyàwó mìíràn. Wọ́n ní ṣé ó ti fi í fún Ọlọ́run, ó sì ní òun ti fi í fún Ọlọ́run. Kò sí ẹnì kan tó bi í níbi tí Mọ̀ríámọ̀ jókòó sí. Òun nìkan ló sì mọ̀ ọ́n, nítorí pé òun ló wo inú ọkọ̀ náà kẹ́yìn kí ìmọ́lẹ̀ tó kúrò níbẹ̀.

Ó fa àga, ó mú bírò.

*Òsì*, ó kọ. Ó wo ọ̀rọ̀ náà. Ó tó fún iṣẹ́. Wọ́n lè fi gé irin. Ṣùgbọ́n bírò kò kúrò lórí bébà, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó kọ ọ́ pé orí àpò iyọ̀ ló jókòó sí, pé ó fi ẹ̀yìn ti páànù, pé ó bọ́ bàtà rẹ̀ kan nítorí ó ń fún un lẹ́sẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ó ń bá obìnrin tó kọjú sí i rẹ́rìn-ín nígbà tí òun ń ti ilẹ̀kùn, pé kò wo òun, pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn jù. Ó ń kọ̀wé bí ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lójúkorojú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa ń dúró, ó ń gbé orí sókè díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ ṣì ń gbọ́.